Sheriff, marshal, ranger: ta ló láṣẹ níbo nínú àwọn ìwé ìtàn kábọ́ì?

Akàwémásùn béèrè:

Ẹ kú ìkàwé o, ẹ̀yin ará.

Àwọn ògbólógbòó ìwé ìtàn kábọ́ì ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni mo gbájú mọ́, ọ̀rọ̀ àwọn agbófinró inú wọn ló ń rú mi lójú. Nínú True Grit tí Charles Portis kọ ní 1968, wọ́n yìnbọn pa bàbá Mattie Ross, ọmọbìnrin ọlọ́dún 14, ní Fort Smith ní Arkansas. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé Tom Chaney ló pa á. Ṣùgbọ́n sheriff ní apá òun kò ká a mọ́, torí pé ó ti sá wọ Indian Territory. Ló bá di pé ọmọ náà ń fowó wá igbákejì marshal. Kò pẹ́, ranger kan ti Texas dé, òun náà ń lépa Chaney. Agbófinró mẹ́ta, ọ̀daràn kan ṣoṣo, síbẹ̀ wọn ò fẹnu kò.

Ti The Ox-Bow Incident tí Walter Van Tilburg Clark kọ tún yàtọ̀. Sheriff ò sí nílé, igbákejì rẹ̀ ń búra fún àwọn tó fẹ́ lọ mú olè màlúù, adájọ́ sì ń kígbe lé e lórí pé kò láṣẹ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí kò fi láṣẹ? Ṣé igbákejì kì í ṣe igbákejì ni?

Ohun kejì ni ìjà àwọn ọlọ́sìn màlúù àti àwọn àgbẹ̀ kéékèèké. Kí ni wọ́n ń jà lé lórí gan-an, nígbà tí ilẹ̀ lọ súà bẹ́ẹ̀? Ẹ̀kẹta, tó bá di ti ìbọn àti ẹṣin, báwo lèèyàn ṣe ń mọ òǹkọ̀wé tó mọ ohun tó ń sọ?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ bí ìwé kankan ṣe parí.

Àwòdì Òkè fèsì:

Ibi tí ẹ tẹ̀ yẹn gan-an ni adùn àwọn ìwé yìí wà. Ẹ má wò ó bíi ti ọmọ ogun, tí ọ̀gá wà lókè tí ọmọ iṣẹ́ wà nísàlẹ̀. Bí agbófinró kan bá ti wọlé sínú ìtàn, ẹ béèrè ẹni tó fi í sípò, ibi tí àṣẹ rẹ̀ pin sí, àti ẹni tó ń sanwó fún un. Ìdáhùn àwọn ìbéèrè yẹn ló máa ń tú ìjà inú ìwé náà síta.

Kaúntì, ìyẹn ẹkùn ìjọba kékeré nínú ìpínlẹ̀, ló ni sheriff. Àwọn ará kaúntì ló ń dìbò yàn án, nítorí náà ó ń ro ti ìbò tó ń bọ̀ kó tó fọwọ́ kan ọmọ ẹni ńlá. Òun ló ń tọ́jú ẹ̀wọ̀n kaúntì, òun ló ń mú ìwé ilé ẹjọ́ fún àwọn èèyàn, ní ibi púpọ̀ òun náà ló tún ń gba owó orí, tó sì ń yọ ìdá tirẹ̀ níbẹ̀. Ní Cochise County ní Arizona, níbi tí Tombstone wà, ìdá owó orí yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn ọkùnrin máa du ipò sheriff bí ẹni ń du oyè. Tó bá dé ẹnubodè kaúntì rẹ̀, àṣẹ rẹ̀ tán níbẹ̀.

Marshal pín sí méjì, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Marshal ìlú ni olórí ọlọ́pàá ìlú kan ṣoṣo. Ìlú ló yàn án, òfin ìlú ló ń mú ṣẹ: ọ̀mùtí, oníjà, ẹni tó gbé ìbọn wọ ìgboro. Marshal ìjọba àpapọ̀ lọ́tọ̀. Ààrẹ ló ń yàn án, ilé aṣòfin àgbà á sì fọwọ́ sí i. Láti 1789 ni ipò náà ti wà. Àwọn igbákejì rẹ̀ ló ń gẹṣin kiri, ọ̀kan nínú wọn ni Rooster Cogburn inú True Grit. Ranger ní tirẹ̀, ìpínlẹ̀ Texas ló rán an níṣẹ́. Ó jọ ológun, ó jọ ọlọ́pàá, kò sì sí kaúntì Texas tí kò lè wọ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn odi Texas, àlejò ni.

Kí ló wá so sheriff Fort Smith lọ́wọ́? Indian Territory kì í ṣe ara Arkansas. Ibẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ lé àwọn ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà bíi Cherokee, Choctaw, Chickasaw, Creek àti Seminole lọ. Ó ti wà lára ìpínlẹ̀ Oklahoma láti 1907. Àwọn ọmọ onílẹ̀ yìí ní ilé ẹjọ́ àti ọlọ́pàá tiwọn, ṣùgbọ́n wọn ò láṣẹ lórí àjèjì tó bá ṣẹ̀ láàrin wọn. Ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Fort Smith ló ń gbọ́ ẹjọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Adájọ́ Isaac Parker ló jókòó síbẹ̀ láti 1875 títí di 1896. Èèyàn 160 ló dá ẹjọ́ ikú fún, wọ́n sì so 79 rọ̀ nínú wọn. Ẹ rí i pé nígbà tí Chaney ti gba odò kọjá, igbákejì marshal nìkan ni Mattie lè bẹ̀. Ranger lè tẹ̀ lé wọn, àmọ́ ẹ̀sùn tó dì mọ́wọ́ ni ti aṣòfin àgbà kan tí Chaney pa ní Texas. Gbogbo àríyànjiyàn wọn dá lórí ìlú tí wọn yóò ti so Chaney rọ̀ àti orúkọ òkú tí wọn yóò fi so ó rọ̀. Mattie kò gbà kí wọ́n fi ikú ẹlòmíì gbẹ̀san bàbá òun.

Owó náà ṣe pàtàkì. Igbákejì marshal kì í gba owó oṣù títí di 1896. Sẹ́ǹtì 6 ni lórí máìlì kan tó bá ń lọ, sẹ́ǹtì 10 tó bá ń mú ẹlẹ́wọ̀n bọ̀. Tí ọ̀daràn bá kú sọ́nà, owó mímú un bọ̀ wọmi. Tí ìwé ìnáwó rẹ̀ kò bá gún, ìjọba kò ní san án. Ìdí nìyẹn tí Portis fi gbé Cogburn jókòó ti òkìtì ìwé owó tí kò lójú tí kò nímú, tí ọmọ ọlọ́dún 14 sì ń bá a tò ó. Ẹni tí kò mọ ètò yìí á fi ojú ẹ̀fẹ̀ lásán wò ó. Oúnjẹ ọkùnrin yẹn ló wà lórí tábìlì o.

Ti Ox-Bow kò le. Sheriff ló láṣẹ láti pe àwọn ọkùnrin kaúntì kí ó sì búra fún wọn. Mapes tó jẹ́ igbákejì, àṣẹ àyálò ló wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀, kò sì lè yá ẹlòmíì. Ohun tí adájọ́ ń pariwo nìyẹn. Ìbúra yẹn kò wúlò rárá, àmọ́ ẹ wo bí ojú àwọn ọkùnrin náà ṣe balẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gbọ́ ọ tán. Clark mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀ ni. Wọ́n fẹ́ kí ẹnìkan sọ fún wọn pé òfin wà lẹ́yìn wọn, ẹnikẹ́ni tó bá sọ ọ́ á sì tó wọn.

Ẹlẹ́ṣin fèsì:

Ẹ̀gbọ́n Àwòdì ti tú ti òfin, ẹ jẹ́ kí n mú ti ìbọn.

Ìbọn ìléwọ́ tó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn ìtàn yìí ni Colt Single Action Army, tó jáde ní 1873. Ihò ọta mẹ́fà ló ní, ṣùgbọ́n ọta márùn-ún lẹni tó mọṣẹ́ ń kó sí i. Òòlù rẹ̀ ní ẹnu ṣóńṣó tó ń sinmi lé ìdí ọta. Tí ìbọn bá já bọ́, tàbí tí nǹkan gbá òòlù yẹn, ó lè yìn fúnra rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ki í nìyí: wọ́n á fa òòlù dé ìdajì, kí irin róbótó tó gba ọta lè máa yí, wọ́n á ṣí ìdérí kékeré tó wà lápá ọ̀tún, wọ́n á ki ọta kan, wọ́n á fo ihò kan, wọ́n á ki mẹ́rin tó kù, lẹ́yìn náà wọ́n á fa òòlù tán, wọ́n á sì rọra dá a padà. Orí ihò òfìfo ló máa bọ́ sí. Tí wọ́n bá ṣi ihò fò, orí ọta ló máa bọ́ sí, asán sì ni gbogbo làálàá yẹn.

Yíyọ àkùfọ́ ọta náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni, pẹ̀lú ọ̀pá tín-ín-rín tó wà lábẹ́ ẹnu ìbọn. Ẹ fi èyí mọ òǹkọ̀wé. Tí akọni kan bá ń yìn ní ẹ̀ẹ̀meje, ẹ̀ẹ̀mẹjọ láìdúró ki ọta, tàbí tó ki márùn-ún láàrin ìṣẹ́jú àáyá méjì, ẹni tó kọ ọ́ kò di irú ìbọn bẹ́ẹ̀ mú rí. Òòlù náà, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fẹ́ yìn ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi àtàǹpàkò fà á sẹ́yìn.

Ìbọn gígùn Winchester ti 1873 ń jẹ ọta .44-40. Ìgbà tó di 1878 ni Colt yìí tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde fún ọta kan náà, tí ọkùnrin kan fi lè gbé ìgbànú ọta kan ṣoṣo fún ìbọn méjèèjì. Nítorí náà, tí ìtàn bá wáyé ní 1875 tí akọni ń ti inú Winchester rẹ̀ yọ ọta sínú Colt, àṣìṣe ni. Kí 1873 tó dé, ọ̀pọ̀ ìbọn ìléwọ́ ni wọ́n ń da ẹ̀tù sí níhò-níhò, tí wọ́n ń ti òjé wọ̀ ọ́, tí wọ́n tún ń fi ìdérí kékeré tó ń ṣáná sí ẹ̀yìn. Òjò tó bá wọ ibẹ̀, ìbọn dákẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ láti wò ni èéfín. Ẹ̀tù dúdú ni wọ́n ń lò, àwọn ọdún 1890 ni èyí tí kì í rú èéfín tó gbilẹ̀. Tí ọkùnrin méjì bá yìnbọn ní ẹ̀ẹ̀mẹta-mẹ́ta nínú ilé ọtí tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì, èéfín funfun á bo gbogbo yàrá, kò ní sí ẹni tó ń rí ẹnìkejì dáadáa mọ́. Òǹkọ̀wé tó mọṣẹ́ máa ń jẹ́ kí àwọn ẹlẹ́rìí sọ ohun tó yàtọ̀ síra ní ilé ẹjọ́, kì í ṣe torí pé wọ́n ń purọ́. Ìjà Tombstone ti 26 Oṣù Kẹwàá 1881 rí bẹ́ẹ̀: bí ọta 30 láàrin nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30, àwọn ọkùnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ kan ara wọn, mẹ́ta kú, títí dòní ni wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ẹni tó kọ́kọ́ yìn. Òfin ìlú tó ní kí ẹnikẹ́ni má gbé ìbọn kiri ìgboro ló dá a sílẹ̀. Virgil Earp ni marshal ìlú. Sheriff kaúntì, Johnny Behan, kò sí lẹ́yìn rẹ̀.

Ti ẹṣin kò gùn. Ó ń rin máìlì 4 ní wákàtí kan, ó ń sáré kúṣẹ́kúṣẹ́ ní 8, eré àsápajúdé sì lè ju 25 lọ, ṣùgbọ́n lẹ́yìn máìlì méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀ ó ti rẹ̀ ẹ́. Máìlì 30 sí 40 lójúmọ́ ni ìrìn gidi, tó bá rí koríko jẹ, tó sì rí omi mu. Àwọn tó ń fi eré àsápajúdé lé ọ̀daràn láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, òkú ẹṣin ni wọ́n jókòó lé.

Kí n tó gbàgbé, ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ Cogburn lójú ayé, kó wádìí Bass Reeves. Ẹrú ni wọ́n bí i ní 1838, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa. Ó di igbákejì marshal ní 1875, ilé ẹjọ́ Parker yìí kan náà ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Kò mọ̀wé kà. Ẹlòmíì ló ń ka ìwé àṣẹ ìmúni fún un, òun á há gbogbo rẹ̀ sórí kó tó gbéra, tó bá sì débẹ̀ á mú ti ẹni tó wá mú jáde láìṣì. Àwọn òpìtàn fojú bù ú pé nínú kábọ́ì mẹ́rin, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé àtijọ́ yìí kò jẹ́ ká rí wọn rárá, ó sì ń dùn mí.

Akàwémásùn:

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ti ìbúra Mapes yẹn ti là mí lójú. Ẹ bá mi dé orí ọ̀rọ̀ màlúù. Ilẹ̀ pọ̀, ẹ kúkú rí i, kí ni wọ́n ń pa ara wọn sí?

Ìyálóde Ìwé fèsì:

Àbúrò, ilẹ̀ pọ̀ lóòótọ́. Omi ni kò pọ̀.

Òfin Homestead ti 1862 fún ẹnikẹ́ni ní éékà 160, tó bá ti gbé orí rẹ̀ fún ọdún 5 tó sì tún un ṣe. Ní ilẹ̀ gbígbẹ bíi ti Wyoming, éékà 160 kéré jù láti fi sin màlúù, àmọ́ tó bá wà létí odò ó tó láti fi dí ọ̀nà omi. Ọlọ́sìn ńlá tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún màlúù kò ní ilẹ̀ tí wọ́n ń jẹko sí. Ilẹ̀ ìjọba ni. Etí omi nìkan ló ń dì mú. Nígbà tí àgbẹ̀ kan bá wá fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí etí odò ká, gbogbo koríko tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti di òfo fún ọlọ́sìn yẹn nìyẹn. Oṣù Kọkànlá 1874 ni Joseph Glidden gba ìwé àṣẹ wáyà náà. Nínú ìtàn tó bá ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, ẹ má retí rẹ̀.

Ẹ tún mọ̀ nípa àmì. Wọ́n ń fi irin gbígbóná jó àmì olówó sí ara màlúù. Ọmọ màlúù kì í ní àmì, ìyá tó ń tẹ̀ lé ni wọ́n fi ń mọ olówó rẹ̀. Tó bá ti já lẹ́nu ọmú tí wọn ò tíì jó o, kò sẹ́ni tó lè fi ẹ̀rí sọ pé tòun ni. Maverick ni wọ́n ń pè é. Àwọn kábọ́ì tó fẹ́ ní agbo tiwọn ń jó àmì sí irú èyí. Títí di 1884, àṣà ni lójú àwọn kan, olè lójú àwọn mìíràn. Ní ọdún yẹn ni wọ́n ṣòfin ní Wyoming pé ti ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́sìn ńlá ni gbogbo maverick. Ẹ wo bí ohun tí ọkùnrin kan ń ṣe ní gbangba lọ́dún tó kọjá ṣe di ẹ̀ṣẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òtútù 1886 sí 1887 pa màlúù bí ẹni pa eṣinṣin, àwọn ọlọ́sìn ńlá wọ gbèsè, wọ́n dá òṣìṣẹ́ dúró, àwọn tí wọ́n dá dúró lọ gba éékà 160 létí omi. Ẹ̀rù àti ìbínú ti pé.

Oṣù Kẹrin 1892 ló bú gbàmù ní Johnson County. Àwọn ọlọ́sìn ńlá gba àwọn oníbọn láti Texas, bí àádọ́ta ọkùnrin ló wọ kaúntì náà pẹ̀lú orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ pa. Wọ́n pa Nate Champion àti Nick Ray ní KC Ranch. Sheriff kaúntì, Red Angus, kó àwọn ará ìlú lọ sé àwọn oníbọn náà mọ́ TA Ranch. Àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ló wá yọ wọ́n. Kò sẹ́ni tí wọ́n dá lẹ́bi nílé ẹjọ́. Frank Canton tó wà láàrin àwọn tó wá pààyàn yìí ti ṣe sheriff Johnson County rí. Ẹ rántí ìbéèrè Àwòdì nípa ẹni tó ń sanwó.

Ẹ lè wá ka ìwé méjì pọ̀ báyìí. The Virginian tí Owen Wister kọ ní 1902 gba ti àwọn ọlọ́sìn ńlá. Shane tí Jack Schaefer kọ ní 1949 gba ti àgbẹ̀. Ọdún 1889 ni ìtàn náà, ní Wyoming kan náà, ìlú wọn kò sì ní sheriff. Ìjà kan, ojú méjì. The Virginian ni kí ẹ fi ṣáájú.

Àwòdì Òkè:

Ìyá wa, mo gba gbogbo ọ̀rọ̀ yín, àfi èyí tó kẹ́yìn. Ẹ má fi The Virginian lé e lọ́wọ́ ṣáájú. Ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ti ibẹ̀ jáwọ́. Bákan náà, orí kan wà níbẹ̀ tí Judge Henry ti ń ṣàlàyé fún olùkọ́bìnrin Molly pé síso olè rọ̀ láìgbẹ́jọ́ ní Wyoming yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ń ṣe fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní gúúsù. Ọ̀rọ̀ náà dán, ó sì burú. Ẹni tó bá ti ka Shane, tó sì mọ ti Johnson County, ló máa rí ibi tí aṣọ náà ti ya. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á gbà á gbọ́.

Ìyálóde Ìwé:

Ẹ bá mi mú un. Mo gbà. Kí Shane ṣáájú, kò tiẹ̀ gùn. Ẹ kíyè sí bí ọmọdé tó ń sọ ìtàn náà ṣe ń rí apá kan ṣoṣo nínú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàrin àwọn òbí rẹ̀ àti àlejò náà. Kí The Virginian tẹ̀ lé e pẹ̀lú ojú tó là sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, Warlock tí Oakley Hall kọ ní 1958. Ọ̀rọ̀ Tombstone ló tún mọ. Ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú ló gba marshal tiwọn níbẹ̀, Clay Blaisedell, láìsí òfin kankan tó gbé ipò rẹ̀ ró, nígbà tí igbákejì sheriff tó láṣẹ kò ní ọlá kankan lójú ìlú. Gbogbo ohun tí Àwòdì sọ nípa ìfisípò wà nínú ìwé kan yẹn.

Riders of the Purple Sage ti Zane Grey, 1912, ẹ lè kà á fún ilẹ̀ Utah àti fún bí àwọn alàgbà ìjọ ṣe lè di ìjọba. Èdè rẹ̀ wúwo, ẹ fara dà á.

Ẹlẹ́ṣin:

Lonesome Dove ti Larry McMurtry ni kó kẹ́yìn, 1985, torí pé ó gùn, ó sì ń dáhùn gbogbo àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Dídà màlúù láti Texas lọ Montana ni. Ìṣirò rẹ̀ nìyí, kí ẹ lè máa yẹ òǹkọ̀wé wò: agbo màlúù 2,000 sí 3,000, bí ọkùnrin mẹ́wàá sí méjìlá, ẹṣin tí wọ́n ń pààrọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, alásè kan pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ oúnjẹ, máìlì 10 sí 15 lójúmọ́. Tí wọ́n bá yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, màlúù á gbẹ kí wọ́n tó dé ọjà. Owó kábọ́ì jẹ́ dọ́là 25 sí 40 lóṣù. Odò ni ó ń pa wọ́n jù, àti ààrá, àti kí agbo fò dìde lóru.

July Johnson, sheriff Fort Smith, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó fi kaúntì rẹ̀ sílẹ̀ láti lépa ẹni tó pa arákùnrin rẹ̀. Láti ojú ewé tó ti kúrò ní Arkansas, ẹ máa ka iye ẹni tó ṣì ń pè é ní sheriff, kí ẹ sì wo ohun tí wọ́n ń fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀.